Bí o ṣe lè múra ilé adìẹ sílẹ̀ kí òtútù tó wọlé

Tí ewé bá ti ń wọ́ dànù, tí ìrì òwúrọ̀ sì ń dì lórí koríko, ilé adìẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Má dúró de yìnyín.

Ọ̀rinrin ló ń pa adìẹ lára ju òtútù lọ. Ìyẹ́ wọn tó wọn láṣọ, àmọ́ bí èémí àti ìgbẹ́ wọn bá mú kí inú ilé rin, ogbe orí wọn ni òtútù máa kọ́kọ́ jẹ: ṣónṣó rẹ̀ á kọ́kọ́ funfun, tó bá yá á dúdú. Nítorí náà, jọ̀wọ́, má dí gbogbo ihò pa. Fi àwọn tó ga ju ibi tí wọ́n ń sùn lọ sílẹ̀; èyí tí atẹ́gùn ń gbà fẹ́ sí wọn lára ni kí o dí. Láàárọ̀, ki ọwọ́ bọ koríko gbígbẹ tí o tẹ́ sílẹ̀. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, kó o dànù, kí o tẹ́ òmíràn kó nípọn.

Igi pẹlẹbẹ ni kí wọ́n máa bà lé sùn, kí àyà wọn lè bo ìka ẹsẹ̀.

Gbé omi jáde lálẹ́, kí o bu èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wọn tílẹ̀ bá mọ́.

Ẹyin á dín kù, torí ojúmọ́ máa ń kúrú lásìkò òtútù. Ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ ni adìẹ ń fẹ́ kó tó yé dáadáa. Èmi kì í tan iná fún wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ìyẹ́ ni, ó yẹ kí wọ́n sinmi. Iná amúlémóoru ńkọ́? Rárá o, koríko gbígbẹ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.