Ẹ Má Fi Ẹ̀sùn Kan Iyán: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìdáná Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Kálórì

Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ dín sísanra kù, iyán ló máa kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́. Á gé e sí ìdajì, á sì bu ọbẹ̀ bó ṣe ń bù ú tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Gíráàmù 100 iyán kò ju nǹkan bí kálórì (ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) 120 lọ, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú iṣu. Iyán gíráàmù 350, tó yó àgbàlagbà kan dáadáa, jẹ́ bí 420. Ṣùgbọ́n ṣíbí ìjẹun kan epo pupa, 120 lòun nìkan. Ẹni tó da ṣíbí 16 sínú ọbẹ̀ ènìyàn mẹ́rin (kọ́ọ̀pù kan péré nìyẹn o, ọwọ́ ló kàn yọ̀) ti bu 480 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀fọ́ tó wọ ìkòkò. Ìdajì iyán tó fi du ara rẹ̀ kò ju 210 lọ.

Nítorí náà, ẹ má da epo tààrà láti inú ìgò. Ojú kò mọ epo wọ̀n. Ṣíbí ni kí ẹ fi bù ú, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò sí i lára. Ìgò 75cl gba ṣíbí 50. Bí ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin bá ń lo ṣíbí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ó yẹ kó pé ọjọ́ méjìlá kó tó tán. Bó bá tán ní ọjọ́ márùn-ún, ẹ ti mọ ibi tí kálórì ń gbà wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi òróró tí wọ́n kọ «kò ní cholesterol» (irú ọ̀rá kan tó máa ń wà nínú ẹran àti ẹyin) sí lára tan ara rẹ̀. Kò sí òróró igi tàbí ti ẹ̀pà kankan tó ní i tẹ́lẹ̀, kálórì gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Yíyọ́ epo pupa títí yóò fi funfun kò dín ẹyọ kan kù; àwọ̀ àti èròjà aṣaralóore inú rẹ̀ ló ń bà jẹ́.

Kí ló tiẹ̀ ń mú kí epo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Omi inú ata ni. Bí a bá da ata lílọ̀ tó ṣì lómi sínú epo gbígbóná, epo á ta, ata á kan, á sì lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Alásè á wá ní epo ló kéré, á tún dà sí i. Ẹ kọ́kọ́ se ata àti tòmátì lílọ̀ náà nìkan, láìdé e, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ tí yóò ki. Kíkan rẹ̀ á lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi epo ṣíbí mẹ́rin sí i fún ènìyàn mẹ́rin, kí ẹ dín in fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

Ẹ̀gúsí ni olè kejì. Àwọn kan kì í fi epo púpọ̀ sè é, síbẹ̀ wọ́n á da ẹ̀gúsí kọ́ọ̀pù méjì sí i kí ọbẹ̀ lè ki. Gíráàmù 100 rẹ̀ ju kálórì 550 lọ, torí ọ̀rá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Ṣíbí márùn-ún tó fún ènìyàn mẹ́rin, bí ẹ bá mọ bí ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ fi àlùbọ́sà gígé àti omi díẹ̀ pò ó títí yóò fi ki ju àkàrà pípò lọ. Ẹ máa ṣẹ́ ẹ sínú ata tó ń hó, kí ẹ dé e, kí iná rọra máa jó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ṣíbí. Ẹni tó bá tètè rò ó á rí i pé ó yòrò, ọbẹ̀ á ṣàn, á sì tún sáré lọ bu ẹ̀gúsí mìíràn. Irú, edé àti ẹja yíyan lẹ máa fi ṣe adùn. Ẹ wá fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ kún un, kó pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, torí ó máa rọ̀; ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó o.

Ẹ̀wà dára, gbogbo ẹnu ló kò lórí ìyẹn. Àmọ́ àkàrà kì í ṣe ẹ̀wà lásán mọ́. Bí òróró kò bá gbóná tó, tàbí tí omi pọ̀ jù nínú ẹ̀wà lílọ̀, ńṣe ni àkàrà á máa mu òróró bíi kànrìnkàn. Móínmóín, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀lẹ̀, ló sàn jù, bí ẹ kò bá ti da òróró tó pọ̀ bíi ti dídín sínú rẹ̀. Ṣíbí òróró méjì tó fún ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 500.

Àwọn tó ń lo òṣùwọ̀n pàápàá máa ń ṣì í. Wọ́n á wọn àmàlà tó ti jinná, wọ́n á sì lo iye kálórì èlùbọ́ gbígbẹ, tó súnmọ́ 340 fún gíráàmù 100. Omi tí a fi rò ó ti fẹ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lọ́nà púpọ̀, nítorí náà wọ́n á rò pé àwọn ti jẹ àjẹjù, ebi á pa wọ́n dalẹ́. Ẹ wọn èlùbọ́ tàbí gààrì kí omi tó kàn án.

Gààrì tútù tí a fi ṣúgà àti ẹ̀pà mu kì í ṣe ìpápánu: gààrì gíráàmù 100 jẹ́ bí 350, ẹ̀pà gíráàmù 50 jẹ́ bí 280, ṣúgà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àti kajú! Nígbà tó bá so, ilé wo ni kò ní sí èyí tí wọ́n yan? Gíráàmù 30, bí ẹyọ 18, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 170. Kò sí ẹni tó ń jẹ ẹyọ 18 bí ìgò bá wà níwájú rẹ̀. Ẹ kà á sínú àwo kékeré, kí ẹ dé ìgò, kí ẹ sì gbé e padà sórí pẹpẹ.