Ẹ má fi jíìnì kan ṣoṣo ṣèdájọ́: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ohun tí à ń jogún

Láti Kétu dé Sábẹ̀, títí dé Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ti gbà báyìí pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbíkú, pé inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ àwọn àṣìṣe mìíràn ti bá ìmọ̀ náà wọlé, orísun kan náà sì ni gbogbo wọn ní: a rò pé jíìnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìlànà inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyípadà kan nínú jíìnì máa ṣe lára ènìyàn wà lọ́wọ́ àwọn ìyípadà mìíràn tó bá pàdé níbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni bí a ṣe ń fi ọmọ SS kan wé èkejì. Bàbá kan, ìyá kan, ọmọ méjì, SS ni àwọn méjèèjì: wọ́n gba S lọ́dọ̀ bàbá, wọ́n gba S lọ́dọ̀ ìyá, wọ́n sì ní àrùn náà. Ọ̀kan kì í kúrò nílé ìwòsàn, èkejì ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ni àwọn ará ilé á bá bẹ̀rẹ̀: wọ́n á ní èyí tó ń ṣàìsàn ń ṣe ọ̀lẹ, tàbí pé ìyá rẹ̀ ò tọ́jú rẹ̀, tàbí pé ẹnìkan nínú agbo ilé ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

S jẹ́ ìyípadà kékeré kan nínú jíìnì tó ń ṣe èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Bí ọ́síjìn bá dín kù, àwọn èròjà tó ní S á lẹ̀ mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á sì tẹ̀ bí dòjé. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú irú èròjà pupa mìíràn, ti inú oyún, tí kì í jẹ́ kí S ráyè lẹ̀ mọ́ra. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í pẹ́ lẹ́yìn ìbí tí èyí fi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lára àwọn kan, ìyípadà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní BCL11A, tí òun àti jíìnì S ò tiẹ̀ sí lórí krómósómù (okùn tó ń gbé jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì) kan náà, kì í jẹ́ kó tán. Ẹni tó bá ní i púpọ̀, ìyà rẹ̀ máa ń dín kù. Àwọn mìíràn sì wà tí ọ̀kan tàbí méjì ti já lára jíìnì alfa mẹ́rin tó yẹ kí wọ́n ní, àwọn tó ń ṣe apá kejì èròjà pupa náà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè fọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í dín kù tó ti àwọn yòókù. Síbẹ̀ ìrora eegun lè pọ̀ sí i, torí pé ẹ̀jẹ̀ náà ti ki. Ohun tó ran ara lọ́wọ́ níbì kan ló tún ni ín lára níbòmíràn. Omi mímu, òtútù, ibà, gbogbo wọn tún ń dá sí i. Ọmọ tí ara rẹ̀ dà bí ẹni pé ó le náà, ẹ má torí ìyẹn dáwọ́ mímú un lọ sọ́dọ̀ dókítà dúró.

Àṣìṣe kan tún wà tó kan àwa ará Bẹ̀nẹ̀ gan-an. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbéyàwó á ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní S, kí ló tún kù?” C ló kù. Ipò kẹfà tí S ti yí padà nínú èròjà pupa yẹn náà ni C ti yí padà, ó sì wà láàárín wa dáadáa. Ẹni AC, tó gba A (irú tí kò yí padà) lọ́dọ̀ òbí kan àti C lọ́dọ̀ èkejì, kò ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni AS, tó gba A àti S, ń lọ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ara wọn, oyún kọ̀ọ̀kan ní ànfààní kan nínú mẹ́rin láti di SC, àìsàn tó lè fara pa mọ́ fún ọdún púpọ̀ kó tó kọlu ojú tàbí egungun ìbàdí. Àyẹ̀wò kékeré tó ń wá S nìkan kò lè rí C. Ẹ béèrè fún èyí tí ilé ìwòsàn wa ń pè ní électrophorèse, kí ẹ sì rí lẹ́tà méjèèjì lórí ìwé kí ẹ tó lọ mọ àna.

Ẹ má sì rò pé ààbò méjì máa ń di ìlọ́po méjì. AS máa ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn (malaria) tó le. Àìpé jíìnì alfa náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ọmọ wò ní Kilifi, ní Kẹ́ńyà, ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2005 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: lára ọmọ tó ní méjèèjì, ààbò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ìdí tí àìpé alfa kò fi gba gbogbo ìlú kan, láìka bí ibà ẹ̀fọn ṣe ń pa ènìyàn láti ìran dé ìran sí.

Bí ọmọ kò bá jọ bàbá, kò jọ ìyá, ẹ má yára fura sí ìyàwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, William Bateson àti Reginald Punnett ṣèwádìí lórí ogbe adìẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mú adìẹ tí ogbe rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n fi gun èyí tí ogbe tirẹ̀ kéré tó sì ní ìlà mẹ́ta. Ogbe ọmọ wọn kò jọ ti ìyá, kò jọ ti bàbá. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn gun ara wọn, nínú ọmọ-ọmọ 16, ó máa ń tó 9 tó gba ogbe tuntun náà, 3 àti 3 tó padà sí ti àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà, àti 1 tó ní ogbe lásán tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé náà kò ní. Jíìnì méjì péré ló ṣe gbogbo èyí.

Kòkòrò àrùn náà ń jogún. Ní 2006, Daniel Weinreich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìyípadà márùn-ún nínú jíìnì kan lè mú kí bakitéríà borí òògùn apakòkòrò cefotaxime ní ìlọ́po 100,000. Ọ̀nà 120 ló wà láti to márùn-ún yẹn tẹ̀ léra. Nínú wọn, 102 ni kò ṣeé gbà, torí pé ìgbésẹ̀ kan láàárín kò ṣe kòkòrò náà láǹfààní kankan, tàbí kó tiẹ̀ pa á lára. Ọ̀nà 18 péré ló kù. Ibi tí àṣìṣe wa wà nìyí: a ń lọ sọ́jà, a ń ra hóró òògùn apakòkòrò méjì mẹ́ta, a ń lò ó títí ibà á fi lọ, a sì ń fi ìyókù pamọ́ fún àbúrò. Òògùn tí kò tó láti pa gbogbo wọn máa ń dá èyí tó ti gbé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sí, á sì fún un láyè láti gbé èkejì. Iye tí dókítà kọ, àti iye ọjọ́ tó kọ, ni kí ẹ lò.