Bí àdúrà ṣe padà sí ẹnu mi lẹ́yìn tí ẹja mi bàjẹ́

Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ta ẹja. Lọ́dún tó kọjá, fírísà mi kọṣẹ́, gbogbo ẹja tí mo fi owó àjọ rà sì jẹrà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀, ẹnu mi kì í ṣí.

Mo gbààwẹ̀, ó kàn túbọ̀ ń rẹ̀ mí ni. Sáàmù 13 ló ṣí i. Ẹsẹ 6 péré ni. Nínú ẹsẹ 1 àti 2, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó; ó di ẹsẹ 5 kó tó sọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé. Àṣé èèyàn lè kọ́kọ́ sunkún níwájú Rẹ̀! Mo ń kà á sókè láràárọ̀ kí n tó lọ sọ́jà. Bí ọkàn mi ò bá kọjá ẹsẹ 2, ibẹ̀ ni mo ń dúró sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá dé ẹsẹ 5.

Mo tún sọ fún ìyá ìjọ wa. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tó o dá a gbé?" Wọ́n bá mi bẹ olórí àjọ, mo sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ẹja yíyan ni mo ń tà báyìí. Gbèsè ṣì kù, ṣùgbọ́n lánàá, létí ọ̀sà, mo dé ẹsẹ 6, mo sì kọrin.