Bí ẹ bá bá ara yín níbi tí wọ́n ri àdó olóró mọ́lẹ̀ sí

Ní Borno, Yobe àti Adamawa, àdó olóró tí àwọn Boko Haram rì mọ́ ojú ọ̀nà àti oko ṣì ń pa àgbẹ̀, aṣẹ́gi àti èrò ọkọ̀. Ọ̀nà tí koríko ti bò, tí ará àdúgbò kò gbà mọ́, ẹ má gbà á. Ẹ wo ilẹ̀ fún yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, wáyà tín-ín-rín tó ta kọjá ọ̀nà, tàbí kẹ́ẹ̀gì tí etí rẹ̀ yọ.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ dúró gbọin-in, kí ẹ pariwo kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa tẹ̀ ẹ́. Bí ipasẹ̀ yín bá hàn kedere, ẹ máa fi ẹsẹ̀ sínú rẹ̀ gan-an padà sẹ́yìn. Bí kò bá hàn, ẹ má kúrò lójú kan títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé, ìbáà di alẹ́. Ẹ má sọ òkúta lù ú, ẹ má sì dáná sun igbó náà; èyí tí iná kò bá bú á túbọ̀ léwu.

Ibi tó le jù nìyí: bí ó bá bú mọ́ ẹnì kan, ẹ má sáré lọ bá a, ọmọ yín ni ìbáà jẹ́, torí òmíràn lè wà nítòsí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ láti ibi tí ẹ dúró sí: kó má yíra, kó fi ọwọ́ tẹ ojú ọgbẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá já, kó fi aṣọ fífẹ̀ di òkè ọgbẹ́ náà pinpin, bí ìka mẹ́rin sókè, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Kó má tú u. Ẹ fi iye aago tó dì í sọ́kàn, dókítà yóò bèèrè.

Tí ẹ bá ti jáde, ẹ to òkúta sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ lọ sọ fún sójà tàbí bùlámà, ìyẹn olórí àdúgbò.