Lẹ́sìnnì oṣù méjì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò sì wọlé: bí mo ṣe fi téèpù aránṣọ kọ́ ọmọ mi ní òǹkà Yorùbá

₦44,000 ni mo san fún ìwé nìkan nígbà tí ọmọ mi wọ kíláàsì kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ní Ìbàdàn níbí, láìtíì ka owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó aṣọ mọ́ ọn. ₦25,000 ni mo ti yà sọ́tọ̀ fún un. Ìwé mọ́kànlá ni wọ́n kọ fún wa, wọ́n sì kìlọ̀ pé ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni a ti gbọ́dọ̀ rà á. Mo san owó náà láìjanpata, nítorí pé mo gbà pé bí ìwé bá ti pé, ẹ̀kọ́ yóò wọlé. Ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ti ń parí lọ, ọmọ tí mo tìtorí rẹ̀ san gbogbo owó yìí kò tíì lè ka nọ́ńbà kọjá mẹ́rìnlá ní èdè tí a fi bí i, ohun tí ó sì ń bí mi nínú títí di òní ni pé kì í ṣe ọpọlọ ọmọ náà ni ó ní àléébù.

N kò ní í fi àkókò ṣòfò lórí àwọn nǹkan yòókù tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kìíní. Kíkọ orúkọ ara ẹni, fífọ ọwọ́ kí a tó jẹun, orúkọ àwọn ẹ̀yà ara àti álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ ni ó ti mọ̀ láti jẹ́léósinmi. Lẹ́tà Yorùbá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà kò gbà wá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ; nígbà tí mo ti sọ fún un pé gb kì í ṣe g àti b bí kò ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó wọ aṣọ ẹni méjì, ó gbà bẹ́ẹ̀, a sì kọjá síwájú. Òǹkà ni ó dá wa dúró.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà láti 1 dé 20 ní ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ọmọ mi kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ, ó sì gbé e padà wá pẹ̀lú àmì pupa mẹ́fà tí wọ́n fi bírò fà kọjá lórí iṣẹ́ rẹ̀, àti àṣẹ pé kí ó kọ ohun tí ó tọ̀nà ní ìgbà mẹ́wàá. Mo jókòó mo wo ohun tí ó kọ. Dé orí mẹ́rìnlá, kò sí àṣìṣe. Lẹ́yìn mẹ́rìnlá ó kọ márùnlá, mẹ́fàlá, méjelá, mẹ́jọlá, mẹ́sànlá, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́wàálá. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ọmọ náà kò ta ọfà sínú òkùnkùn. Ó ti rí i pé mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá àti mẹ́rìnlá ń tẹ̀lé òfin kan, ó sì ń bá òfin náà lọ bí ẹni tí ó ní làákàyè. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé òfin náà yí padà ní orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àní kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó sọ fún un pé òfin kan wà. Orin ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, gbogbo kíláàsì a máa kọ ọ́ pọ̀, ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n a sì fi ohùn rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ohùn àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Mo wo ìwé Yorùbá tí mo ti fi ₦3,500 rà nínú àwọn ìwé mọ́kànlá wọ̀nyẹn. Ojú ewé kan ṣoṣo ni òǹkà ní níbẹ̀, láti 1 dé 50, kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì sí àlàyé. Ogún tí ó yẹ kí ó jẹ́ 20, ogun ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ọmọ mi sì kà á gẹ́gẹ́ bí ogun tí àwọn ológun ń jà. Ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní èdè olóhùn ni wọ́n ṣe báyìí o!

Nígbà tí mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn, ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú, àwọn ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ bá a wá olùkọ́ lẹ́sìnnì.” Mo wá a. ₦8,000 ni ó ń gbà lóṣù, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó sì gbà á fún oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá. Orin kan náà, láti inú ìwé kan náà, ni òun pẹ̀lú ń kọ fún un. Bí wọ́n bá jọ kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọmọ náà a dé ogún; ṣùgbọ́n bí mo bá nawọ́ sí 17 lójijì, a tún padà sí mọ́kànlá, a máa kọrin bọ̀ láti ibẹ̀, a sì tún kọsẹ̀ ní orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí owó náà ṣe dùn mí tó, ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ ní alẹ́ ọjọ́ kan dùn mí jù ú lọ. Ó ní, “Mọ́mì, Yorùbá le ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. N kò fẹ́ ṣe é mọ́.” Nínú ilé tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni a ń sọ láti àárọ̀ dé alẹ́!

Bàbá mi ni mo sun ẹkún lọ bá. Ọdún 1955 ni àwọn wọ ilé-ẹ̀kọ́, ọdún tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí tí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Wọ́n ní òkúta wẹ́wẹ́ ni àwọn fi kọ́ òǹkà, olúkúlùkù ọmọ ni ó ń kó tirẹ̀ wá láti ilé. Wọ́n tún rán mi létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, àfi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wọn lọ́tọ̀, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. “Kì í ṣe èdè ni ó le,” ni bàbá mi wí, “ẹ kò jẹ́ kí ọmọ rí ohun tí ó ń kà.” Ní àkókò yẹn gan-an, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ni Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì pa ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣì wà lọ́kàn mi nígbà tí oníbàárà mi kan wọlé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan láti gba ìró àti bùbá rẹ̀. Ọmọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń fi bọ́tìnnì ṣeré. Mo pe owó iṣẹ́ náà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Obìnrin náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ẹgbẹ̀rún kan níbẹ̀.” Kí n tó la ẹnu, ọmọ mi ti fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn láti ibi tí ó jókòó sí pé ó ti di náíńtíìn nìyẹn. Mo wò ó. Mo bi í pé, “Báwo ni o ṣe mọ̀?” Ó ní, “Wọ́n ti dín ọ̀kan nínú ogún.” Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ: wọ́n dín ọ̀kan ní ogún. Mo ní kí ó yára sọ ọ́, kí ó má sinmi láàárín ọ̀rọ̀, èmi náà sì ń sọ ọ́ tẹ̀lé e: ọ̀kan-dín-ní-ogún, mọ́kàndínlógún. Ojú rẹ̀ là. Ó sáré mú bọ́tìnnì ogún, ó yọ méjì, ó pariwo “méjìdínlógún!”, ó yọ ìkẹta, ó ní “mẹ́tàdínlógún!”, ó yọ ìkẹrin, ó ní “mẹ́rìndínlógún!” Ohun tí orin oṣù méjì kò lè ṣe, ìnájà ìṣẹ́jú kan ṣe é. Mo dín ₦1,000 náà fún obìnrin yẹn tayọ̀tayọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra mi. Ohun tí mo lò ni téèpù tí mo fi ń wọn ènìyàn, nítorí pé ìǹṣì 60 ni ó wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì tò tẹ̀lé ara wọn láìsí ẹni tí ó ń kọrin. Mo fi òwú pupa rán àmì sí 10, 20, 30, 40, 50 àti 60. Mo ṣàlàyé fún un pé ilé ńlá ni òwú pupa kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kọ́kọ́ tẹ̀lé ilé ńlá kan, ti ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni wọ́n, a ń fi wọ́n lé e ni: mọ́kànlélógún, méjìlélógún, mẹ́tàlélógún, mẹ́rìnlélógún. Bí a bá ti dé ìkarùn-ún, ilé tí ó wà níwájú ni a ń wò, a ó sì máa sọ iye tí ó kù kí a dé ibẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣì ku mẹ́rin kí ó di ọgbọ̀n, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ku ọ̀kan. Mo fi ìka rẹ̀ sórí ọgbọ̀n, mo ní kí ó fà á padà sẹ́yìn, kí ó sì máa ka iye ìṣísẹ̀ tí ìka náà gbé. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó ti ń ṣe é láìsí èmi.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fúnra rẹ̀ ni ó tún fẹ́ dá wa padà. Etí ọmọdé kò gbọ́ dín nínú rẹ̀, kò gbọ́ lé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ àrún. Mo ní láti kọ ọ́ sórí pátákó pé àrún-dín-ogún ni, pé ẹnu àwọn baba wa ti lọ̀ ọ́ kúnná bí ìgbà tí a bá fi ọṣẹ fọ aṣọ léraléra tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí. Mo fi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn méjì péré yìí ni ó ní láti há sórí. Nígbà tí ó dé 35, márùndínlógójì ti padà hàn gbangba, ó sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àádọ́ta náà gbà wá ní alẹ́ kan, ṣùgbọ́n alẹ́ tí ó dùn ni. Mo ka ogún bọ́tìnnì sójú kan lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ogún méjì ni ogójì. Mo tún ka ogún kẹta, mo ní ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Mo wá ní kí ó di ẹ̀yìn téèpù mú, níbi 60, kí ó dín ẹ̀wá. Ìka rẹ̀ bọ́ sórí òwú pupa 50. “Àádọ́ta nìyẹn,” ni mo wí, “ọgọ́ta tí a dín ẹ̀wá.” Ó wò mí, ó ní, “Mọ́mì, kí ló dé tí wọn kò sọ fún wa?” N kò rí ìdáhùn fún un.

Bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀ lónìí, n kò ní í gba olùkọ́ lẹ́sìnnì kankan kí n tó fi ohun tí mo rí nínú àṣìṣe ọmọ mi ṣiṣẹ́ fúnra mi, nítorí pé inú àṣìṣe mẹ́fà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà láti ọjọ́ kìíní. N kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gòkè. Orí ogún ni mo máa dúró sí, máa sọ̀ kalẹ̀ sí mọ́kàndínlógún, títí dé mẹ́rìndínlógún, kí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún olóríkunkun yẹn tó kàn. Mo sì máa mú ọmọ lọ sí ọjà kí ó gbọ́ “ẹ dín in” àti “ẹ fi kún un” dáadáa kí ó tó ṣí ìwé rárá. Ní ti àwọn ìwé mọ́kànlá, márùn-ún ni wọn kò tíì ṣí títí tí sáà fi parí, mo kà wọ́n.

Nínú ìdánwò oṣù kejìlá, ìbéèrè mẹ́wàá ni wọ́n ṣe lórí òǹkà Yorùbá, ó gba mẹ́sàn-án. Ẹyọ kan tí ó kùnà, ogún ni. Ó fi àmì sórí rẹ̀, àmì náà tọ̀nà, wọ́n sì fi bírò pupa fà á kọjá nítorí pé kò bá ti inú ìwé mu. Mo gbé ìwé ìdánwò náà lọ bá olùkọ́ rẹ̀, mo fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé, ó sì fún un ní máàkì rẹ̀ padà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Ní alẹ́ àná ọmọ náà ka téèpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dúró lórí ọgọ́ta, ó sì béèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí ó lọ mú téèpù kejì wá nínú àpótí, kí a rán ọ̀kan mọ́ èkejì.