Má dúró wòran: àṣìṣe àlejò nílé tí wọ́n ti ń gún bọ́tà ní Írẹ́lándì àtijọ́

Ká ní Írẹ́lándì àtijọ́ lo wà, tí ò ń kọjá lẹ́yìn ilé àgbẹ̀ kan, tí o sì gbọ́ gbì, gbì, gbì nínú ilé, rò ó dáadáa kí o tó yà. Ìyá ilé ń gún bọ́tà ni. Àgbá onígi gíga ló gbé síwájú, ọ̀pá gba ihò ojú ọmọrí rẹ̀ kọjá, ó ń gún un lọ sókè sódò nínú ọ̀rá wàrà títí yóò fi dì.

Àṣìṣe tí àlejò ń ṣe jù ni kó wọlé, kó dúró, kó máa wòran. Bí bọ́tà bá kọ̀ tí kò dì lọ́jọ́ náà, ojú rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. "Bail ó Dhia ar an obair" ni wàá sọ, ìyẹn ni pé kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ náà. Ẹ kú iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, àmọ́ kò tán lẹ́nu: wàá gba ọ̀pá lọ́wọ́ obìnrin náà, wàá bá a gún un díẹ̀. Má ní aṣọ òde lo wọ̀.

Má sì tan kòkò tábà níbi ààrò wọn kí o mú un jáde. Iná tó bá jáde nígbà tí wọ́n ń gún bọ́tà lọ́wọ́, wọ́n gbà pé ire inú wàrà ló bá a lọ. Ti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, Bealtaine, tún le jùyẹn lọ: kò sí iná, kò sí iyọ̀, kò sí wàrà fún ẹni tó wá tọrọ. Obìnrin tó bá wá bẹ̀bẹ̀ ẹyin iná láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ti sọ ara rẹ̀ di olè bọ́tà. Ehoro tí wọ́n bá rí láàárín màlúù pàápàá, èèyàn ni wọ́n ń pè é. Láti ọ̀rúndún kejìlá ni àlùfáà òǹkọ̀wé kan, Gerald of Wales, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn arúgbó obìnrin ń di ehoro láti fa wàrà màlúù onímàlúù mu.

Má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Bọ́tà ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń san owó ilẹ̀. Ọjà bọ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Cork ní 1770 ń kó o ránṣẹ́ dé erékùṣù Kàríbíà.

Àṣìṣe tiwọn náà wà. Ọ̀rá wàrà tó tutù jù tàbí tó gbóná jù kì í dì dáadáa, àmọ́ àwọn míì á ti dárúkọ aládùúgbò, wọ́n á ti gba ilé Biddy Early lọ ní agbègbè Clare (obìnrin oníṣègùn ìbílẹ̀ ni, ó kú ní 1874), kí wọ́n tó fọwọ́ kan wàrà wò. Níbòmíràn, wọ́n á ki irin ẹsẹ̀ ẹṣin bọná títí yóò fi pọ́n, wọ́n á jù ú sínú wàrà kó lè jó àjẹ́. Ìgbà míì, bọ́tà á sì dì lóòótọ́. Wàrà tó tutù ló rí ooru. Lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bọ́tà rẹ̀ gbà padà.