Ohun tó bá mi yanjú èjìká ríro lábẹ́ ẹ̀wù òjé

Tí a bá ń ṣiṣẹ́ abẹ egungun lábẹ́ ẹ̀rọ X-ray, ẹ̀wù òjé alódindi tí mò ń wọ̀ kí ìtànṣán má baà wọ ara mi máa ń já mi léjìká. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ọrùn mi á ti gan. Mo rán tìmùtìmù sí èjìká rẹ̀, kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀wù onípele méjì ló gbà mí: aláìlápá lókè, síkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń kọ́kọ́ dè, kí bẹ́líìtì rẹ̀ le dáadáa lórí egungun ìbàdí gan-an, kì í ṣe lórí ikùn. Ìbàdí ló wá ń gbé púpọ̀ nínú ìwúwo náà. Ẹ ṣọ́ iwájú rẹ̀ o: òjé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nípọn tó 0.25 mm, àfi tí wọ́n bá gun ara wọn ló tó di 0.5 mm. Ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn tẹ́lẹ̀, ẹ̀wù yìí nìkan lè má tó o.